Ìtàn Ìgbésí Ayé Charles Coulomb, Ẹni tí ó Wọn Bí Ohun Méjì ti ń Di Ara Wọn Mú

Kò sí ẹni tí kò mọ ọlọ ní ilẹ̀ wa yìí, láti Bùnú dé Yàgbà. Nígbà tí ọlọ bá ṣì jẹ́ tuntun, ojú rẹ̀ a rí gbágungbàgun, ata a sì máa tètè kúnná lórí rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú náà a máa dán sí i, ọmọ ọlọ a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ lásán. Nígbà náà ni àwọn ìyá wa a mú òkúta líle kan, wọn a sì fi máa ṣá ojú ọlọ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tún ní eyín. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè, tàbí bí a bá bi àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ léèrè, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an níbi tí òkúta kan ti fara kan èkejì, ìdáhùn kò yá lẹ́nu wa. Ìbéèrè náà ti pẹ́ ní ayé, kò sì tíì tán títí di òní, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi kọ̀ǹpútà ńláńlá wá ìdáhùn rẹ̀.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ni Charles Augustin Coulomb, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Àwọn tí ó ti kọ́ nípa iná mọ̀nàmọ́ná nínú wa mọ orúkọ náà, nítorí òun ni a fi ń pe òṣùwọ̀n iná mọ̀nàmọ́ná kan. Ṣùgbọ́n kí ó tó di olókìkí nínú ọ̀ràn iná mọ̀nàmọ́ná, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi lórí igi, àti irin lórí irin, ní ibi tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì kọ ìwọ̀n ohun gbogbo tí ó rí sílẹ̀. Apá yìí nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni n ó sì dúró lé lórí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1736 ni a bí i ní ìlú Angoulême, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Henry ni orúkọ baba rẹ̀, Catherine Bajet sì ni ìyá rẹ̀. Baba rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ọba, nígbà tí ọmọ náà sì wà ní kékeré, gbogbo ilé wọn ṣí lọ sí Paris. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti gbọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ ṣe ohun mìíràn. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó ń fẹ́ kí ó kọ́, nígbà tí ọmọ sì kọ̀ jálẹ̀, ìyá kò nawó lé e lórí mọ́. Baba ní tirẹ̀ ti pàdánù owó rẹ̀ nínú òwò tí kò yọrí sí rere, ó sì ti padà lọ sí Montpellier. Ibẹ̀ ni ọmọ tọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀ràn irú èyí kò ṣe àjèjì sí àwa náà. Mélòó nínú wa ni àwọn ará ilé kò ti fẹ́ kí ó di akọ̀wé ìjọba tàbí oníṣòwò, tí ó sì wá yan ẹfun àti pátákó ìkọ̀wé?

Ní Montpellier, ní ọdún 1757, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà gbà á mọ́ra, ó sì ka ìwé nípa ìràwọ̀ àti ìṣirò fún wọn. Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kò lè bọ́ ènìyàn tí kò ní ogún. Nítorí náà ó múra ìdánwò fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun onímọ̀ iṣẹ́ tí ó wà ní Mézières, ó sì wọlé ní ọdún 1760. Ilé ẹ̀kọ́ náà dára púpọ̀ fún ìgbà tirẹ̀: a ń kọ́ wọn ní ìṣirò, a sì ń kọ́ wọn bí a ti ń gé òkúta àti bí a ti ń kan igi. Bossut, tí ó kọ́ wọn ní ìṣirò níbẹ̀, di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní òpin ọdún 1761 ó jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun kékeré, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ní ọdún 1764 a rán an lọ sí erékùṣù Martinique, ní òdìkejì òkun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba erékùṣù náà ní ọdún 1762, wọ́n sì dá a padà fún Faransé ní ọdún 1763. Ọba Faransé kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. A fi Coulomb ṣe olórí iṣẹ́ odi ńlá kan tí a ń pè ní Fort Bourbon, lórí òkè tí ó kọjú sí èbúté. Ọdún mẹ́jọ ni ó lò níbẹ̀. Èmi kò lè kọ orúkọ Martinique sílẹ̀ kí n sì kọjá lọ láìsọ pé, ní àkókò náà, àwọn ènìyàn dúdú tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń ṣe iṣẹ́ oko ìrèké tí ó sọ erékùṣù náà di ọlọ́rọ̀, àti pé nítorí ọrọ̀ náà ni a ṣe ń mọ odi. Coulomb tìkára rẹ̀ ṣàìsàn níbẹ̀ nígbà púpọ̀, ara rẹ̀ kò sì tún le mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá títí ó fi kú. Ó rí i pé nínú ooru náà, àwọn ọmọ ogun tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe ìdajì iṣẹ́ tí irú wọn ń ṣe ní ilẹ̀ tútù. Kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ó wọn iṣẹ́ náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn èyí ni ó tẹ ìwé kan jáde nípa iye iṣẹ́ tí ara ènìyàn lè ṣe ní ọjọ́ kan kí ó tó rẹ̀ ẹ́, ohun tí ó sì rí ní Martinique wà nínú rẹ̀.

Orí òkè náà ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kejì, èyí tí kò sí ní Mézières. Ó rí i pé àwọn òfin inú ìwé kò bá òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ mu. Ògiri tí ìwé ní yóò dúró a wó. Èyí tí ìwé ní yóò wó a dúró. Kí ni ó dé? Nítorí pé ìwé gbàgbé pé iyẹ̀pẹ̀ a máa di ara rẹ̀ mú. Ẹni tí ó bá da iyanrìn sílẹ̀ yóò rí i pé kò ṣàn lọ bí omi. Ó ga jọ, ìgẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sì í kọjá ìwọ̀n kan. Nígbà tí ó padà sí Faransé ní ọdún 1772, ó kọ gbogbo èyí jọ, ó sì kà á fún Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé Ọba ní Paris ní ọdún 1773. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ògiri tí yóò dá iyẹ̀pẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí a là gba ara òkè kọjá ṣì ń lo ìṣirò tí ó wà nínú ìwé náà.

Ṣùgbọ́n ìdìmú yìí fúnra rẹ̀, kí ni? N ó máa pè é ní ìdìmú nínú ìwé yìí: agbára tí kì í jẹ́ kí ohun kan yọ̀ lórí èkejì, tí a sì ní láti borí kí a tó lè fa àpótí lórí ilẹ̀. Coulomb kọ́ ni ó kọ́kọ́ béèrè. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì tí ó kú ní ọdún 1519, ti dán an wò, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí ìwé náà kà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1699, Guillaume Amontons, ọkùnrin kan tí ó ti di adití láti ìgbà èwe rẹ̀, sọ ohun méjì fún Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé. Èkínní ni pé bí ẹrù bá wúwo ní ìlọ́po méjì, ìdìmú rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èkejì ni pé bí ojú tí ẹrù fi kan ilẹ̀ ti gbòòrò tó kò já mọ́ nǹkan kan. Èyí ni àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé kò fẹ́ gbà, wọ́n sì ní kí La Hire tún un wò. La Hire tún un wò, ó sì rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè fi èyí han àwọn ọmọ ilé ìwé láìná kọ́bọ̀. Ẹ so okùn mọ́ bíríkì kan, kí ẹ dà á dùbúlẹ̀ lórí pákó, kí ẹ sì wo bí ẹ ó ti fà á tó kí ó tó rìn. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tóóró kalẹ̀, kí ẹ sì tún fà á. Àwọn ọmọ yóò ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ti èkejì yóò rọrùn jù, nítorí pé ibi tí ó fi kan pákó kéré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára kan náà ni.

Ní ọdún 1779 ni a rán Coulomb lọ sí Rochefort, ìlú tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ti ọba, kí ó bá Marquis de Montalembert kọ́ odi onígi kan sí erékùṣù Aix. Ní àkókò kan náà, Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé ti kéde ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé ìdìmú nínú àwọn ẹ̀rọ, kì í ṣe pẹ̀lú ohun ìṣeré orí tábìlì, bí kò ṣe pẹ̀lú ẹrù bí irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ń lò. Ìdáhùn tí wọ́n kọ́kọ́ rí gbà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n sọ ẹ̀bùn náà di ìlọ́po méjì, wọ́n sì sún un sí ọdún 1781. Kì í ṣe ọ̀ràn àríyànjiyàn lásán ni fún wọn. Ọkọ̀ ogun tí a kàn tán ní etí omi wà lórí igi tí a fi ọ̀rá ẹran pa. Bí ìdìmú bá pọ̀ ju bí a ti rò lọ, ọkọ̀ kò ní lọ. Bí ó bá sì kéré jù, ọkọ̀ lè sáré bọ́ sómi kí àyè tó gba àwọn ènìyàn láti kúrò lọ́nà.

Coulomb rí ohun gbogbo tí ó ń fẹ́ ní Rochefort: igi líle, irin, idẹ, okùn, àti ẹrù wúwo. Ó ṣe tábìlì ńlá kan tí ó lágbára, ó gbé ohun kan bí àpótí tí kò ní ẹsẹ̀ lé e, ó sì di ẹrù lé àpótí náà. Okùn gba orí kẹ̀kẹ́ kan kọjá ní ìpẹ̀kun tábìlì, a sì ń so ìwúwo mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí àpótí yóò fi rìn. Ó ń fi ohun ìrọ̀ kan tí ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún wọn àkókò, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá fún ìfì kọ̀ọ̀kan. Ó dán igi wò lórí igi, irin lórí irin, irin lórí igi. Pẹ̀lú ọ̀rá àti láìsí ọ̀rá. Ẹrù kékeré àti ẹrù ńlá. Sísáré àti lílọ́ra. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀sọ̀ sì ni ọkùnrin yìí fi mú un.

Ó rí i pé òtítọ́ ni Amontons sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìwọ̀n kan náà ni fún gbogbo nǹkan gẹ́gẹ́ bí Amontons ti rò. Ó rí i pé nígbà tí ohun kan bá ti ń rìn, yíyára rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìdìmú rẹ̀ padà. Ó sì rí ohun kan tí ó yani lẹ́nu: bí igi bá ti sinmi lórí igi, ìdìmú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń pọ̀ sí i bí ìṣẹ́jú ti ń kọjá, títí yóò fi dé ìwọ̀n kan. Irin lórí irin kò rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin lórí igi lè gba ọjọ́ púpọ̀ kí ìdìmú rẹ̀ tó pé. Ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Kí ni ó rò pé ó fà á? Ó wòye pé ojú igi dà bí búrọ́ọ̀ṣì. Bí a bá gbé búrọ́ọ̀ṣì kan lé orí èkejì, irun wọn a wọnú ara wọn, ẹni tí ó bá fẹ́ fa ọ̀kan lórí èkejì ní láti tẹ irun náà tàbí kí ó gun orí rẹ̀ kọjá. Ó gbà pé ìlẹ̀mọ́ra díẹ̀ lè wà pẹ̀lú, ó tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á sí ohun kékeré.

Èrò yìí kò tọ́. Coulomb ṣì wà láàyè nígbà tí John Leslie, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, tọ́ka sí àbùkù rẹ̀ ní ọdún 1804. Bí ẹnìkan bá gun kẹ̀kẹ́ gba orí òkè kan kọjá, ohun tí ó ná nígbà tí ó ń gòkè ni yóò rí gbà padà nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gígun àwọn òkè kéékèèké lásán ni ìdìmú, ẹrù ìbá máa gba padà ní ìhà kejì ohun tí ó ná ní ìhà kìíní, kì bá sì sí ohun tí ń dá a dúró. Lójú tèmi, èyí kò dín iyì Coulomb kù. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka orí àlàyé ni àlàyé tí ó wó lè pa lára. Coulomb gbé tirẹ̀ ka orí ìwọ̀n, ìwọ̀n náà sì dúró.

Ní ọdún 1781 ẹ̀bùn náà bọ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n sì yàn án sínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé ní ọdún kan náà. Láti ìgbà náà Paris di ilé rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni ìyọnu dé. A rán an lọ sí ilẹ̀ Brittany láti wo ètò àwọn odò tí a fẹ́ fi ọwọ́ gbẹ́ àti àwọn èbúté tí a fẹ́ tún ṣe. Àwọn ènìyàn ńlá ń fẹ́ iṣẹ́ náà. Coulomb wò ó, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé èrè rẹ̀ kò ní tó owó tí yóò gbà. Inú kò dùn sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1783 a sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní Paris fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ó fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n ròyìn pé nígbà tí àwọn ará Brittany wá mọ̀ pé òtítọ́ ni ó sọ, wọ́n fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn púpọ̀, kò sì gbà ju aago kan lọ, èyí tí ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá hàn, tí ó sì ń lò fún àwọn ìdánwò rẹ̀.

Ní ti iná mọ̀nàmọ́ná, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ó wà nínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ wa. Láti ọdún 1785 lọ, pẹ̀lú okùn tín-ínrín kan tí ó ń lọ́ bí a bá tì í díẹ̀, ó fi hàn pé bí ohun méjì tí ó ní iná mọ̀nàmọ́ná lára bá jìnnà sí ara wọn ní ìlọ́po méjì, agbára tí ó wà láàárín wọn yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní ọdún 1881, àwọn ọ̀mọ̀wé láti oríṣiríṣi ilẹ̀ péjọ sí Paris, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n iná mọ̀nàmọ́ná.

Nígbà tí ìjọba ọba ṣubú ní Faransé, tí a ń bẹ́ ènìyàn lórí, Coulomb fi Paris sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Borda, wọ́n sì lọ jókòó jẹ́ẹ́ ní ìhà Blois. Lavoisier, tí òun pẹ̀lú wọn jọ wà nínú ìgbìmọ̀ òṣùwọ̀n, kò lọ. A bẹ́ ẹ lórí ní ọdún 1794. Coulomb padà ní ọdún 1795. Láti ọdún 1802 ni a sì fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn alábẹ̀wò àgbà fún ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí ìjọba ń dá àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tuntun sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí àìsàn Martinique kò tíì fi sílẹ̀, tí ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin láti ìlú dé ìlú láti wo bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Kí àwa tí a ń bẹ̀rù ọjọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀ rántí pé ó lè jẹ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ń bọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1806 ni ó kú ní Paris, ó fi aya kan àti ọmọkùnrin méjì sílẹ̀.

Ọ̀ràn ìdìmú kò bá a kú. Bí kì í bá ṣe búrọ́ọ̀ṣì, kí ni? Èé sì ti ṣe tí bíríkì tí ó dùbúlẹ̀ àti èyí tí a fi ẹ̀gbẹ́ kalẹ̀ fi ní ìdìmú kan náà? Ní nǹkan bí ọdún 1939, Bowden àti Tabor ní Cambridge rán iná mọ̀nàmọ́ná kọjá láàárín irin méjì tí a gbé lé ara wọn, kí wọ́n lè mọ bí ibi tí irin náà ti kan ara wọn gan-an ti tóbi tó. Ó kéré ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Irin tí ó dán lójú wa kì í dán. Orí àwọn ṣóńṣó kéékèèké ni ó fi ń kan èkejì, ìyókù kò kan rárá. Bowden fi í wé kí a dojú ilẹ̀ olókè kan dé orí ilẹ̀ olókè mìíràn. Kí àwa fi í wé ti ilé: bí a bá lè gbé ilẹ̀ Ìjùmú, kí a yí i dà, kí a sì dé e lé orí Kabba, orí òkè ni yóò kan orí òkè, àfonífojì yóò sì wà lófìfo. Bí a bá fi ẹrù kún un, orí òkè a tẹ̀ sí i, òmíràn a sì kan. Ibi tí wọ́n ti kan ara wọn gan-an ni ìdìmú wà, kì í ṣe gbogbo ojú bíríkì.

Ó ku ohun kan. Heinrich Hertz ti ilẹ̀ Jámánì, tí ó kú ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ní ọdún 1894, ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí a bá fi bọ́ọ̀lù kan tí ó dán tẹ ilẹ̀ pẹlẹbẹ, tí a sì sọ ìwúwo di ìlọ́po 8, ibi tí wọ́n ti kan ara yóò di ìlọ́po 4 péré. Èyí kò bá òfin Coulomb mu, nítorí ìlọ́po 8 ni ìdìmú ní láti jẹ́. Ní ọdún 1957, J. F. Archard rí ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké bo ara bọ́ọ̀lù ńlá náà: ìlọ́po 4 yóò di ìlọ́po 6 ó lé díẹ̀. Kí a tún fi èyí tí ó kéré sí i bo ara àwọn kéékèèké náà: yóò di ìlọ́po 7 ó lé díẹ̀. Kí a tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i: yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di 8. Ẹni tí ó bá ti wo àwọn àpáta ilẹ̀ wa yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n rí. Láti òkèèrè wọ́n dán bí ẹyin. Nígbà tí a bá súnmọ́ wọn, a ó rí i pé wọ́n ní gegele; lórí gegele ni ẹ̀gún òkúta wà; lára ẹ̀gún òkúta ni àwọn hóró tí ń tàn wà. Gbágungbàgun inú gbágungbàgun yìí ni ó ń mú òfin Coulomb ṣẹ. Bí ayé bá dán pátápátá, òfin rẹ̀ ìbá ti yẹ̀.

Àwọn ojú gidi kò rí bí bọ́ọ̀lù tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, nítorí náà ni a ṣe ní láti bẹ kọ̀ǹpútà lọ́wẹ̀. Greenwood àti Williamson ní ọdún 1966 ti fi ìwé àti kálámù ṣírò ti àwọn òkè tí gíga wọn kò dọ́gba; ní ọdún 2001 Bo Persson ní Jámánì mú ọ̀nà mìíràn wá, ó ń wo ojú kan náà láti òkèèrè, ó sì ń súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ a máa ṣe ojú náà ní àpẹẹrẹ, òkè fún òkè, a sì máa tẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn nínú ìṣirò. Ìṣòro rẹ̀ ni iye. Nínú ìlà kan tí kò gùn ju mìlímítà 1 lọ, nǹkan bí mílíọ̀nù 4 átọ́ọ̀mù ni ó lè tò léra. Lórí ojú tí ó jẹ́ mìlímítà 1 ní gígùn àti ní ìbú, ipele kan ṣoṣo yóò ju mílíọ̀nù mílíọ̀nù 15 lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò ka gbogbo èyí tán pẹ̀lú ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe dà bí ti olùkọ́ tí ń ya àwòrán ilẹ̀: ní àárín ọjà ni ó ti ń fi ilé kọ̀ọ̀kan hàn, ní inú igbó, ó kàn ń fi ọ̀dà kùn ún. Níbi tí ṣóńṣó ti kan ṣóńṣó, wọn a ṣírò rẹ̀ ní átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti jìnnà síbẹ̀, wọn a mú un ní gbànpà gbànpà. Ibi tí ìṣirò kékeré àti ti ńlá ti pàdé ni wàhálà wọn pọ̀ sí, nítorí bí a kò bá so wọ́n pọ̀ dáradára, ojú ìsopọ̀ náà yóò di ògiri tí kò sí nínú irin gidi. A kò sì gbọdọ̀ fo ti átọ́ọ̀mù: ní ọdún 2005 Luan àti Robbins fi hàn pé gbágungbàgun tí àwọn átọ́ọ̀mù fúnra wọn ń fà lè mú kí ibi ìfarakàn yàtọ̀ ní ìlọ́po méjì sí ohun tí ìṣirò Hertz sọ.

Martin Müser dá irú ìdíje kan sílẹ̀, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2017: ó fún gbogbo ẹni tí ó ń fẹ́ ní ojú gbágungbàgun kan náà, ó ní kí olúkúlùkù fi ọ̀nà tirẹ̀ wá ibi tí yóò ti kan. Àwọn kan tilẹ̀ ṣe ojú náà ní ohun gidi, tí a sọ di ńlá ní ìlọ́po 1000, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wò. Èsì ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn súnmọ́ ara wọn; ọ̀nà tí ó ka òkè kọ̀ọ̀kan sí ẹni tí ó dá dúró láìbìkítà fún aládùúgbò rẹ̀ ni ó jìnnà sí ti àwọn ìyókù.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wọ̀nyí sábà máa ń ṣírò ìfarakàn ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, Coulomb sì ti sọ pé ìdìmú ń pọ̀ bí ohun náà ti ń sinmi pẹ́. Ní ọdún 1994 Dieterich àti Kilgore, tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmìtìtì ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tẹ ohun méjì tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá mọ́ ara wọn, wọ́n sì fi awò wo àárín wọn. Wọ́n rí àwọn ibi ìfarakàn gẹ́gẹ́ bí àmì kéékèèké, wọ́n sì rí i bí àmì kọ̀ọ̀kan ti ń gbòòrò sí i láìsí ẹni tí ó fi ẹrù kún un, ní kíákíá ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí àpáta méjì nísàlẹ̀ ilẹ̀ ti ń di ara wọn mú fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó já ní láti fi ìgbòòrò yìí sínú ìṣirò wọn, ìwé tí Coulomb kọ ní Rochefort, pẹ̀lú àkókò ìsinmi igi kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, sì wà lára èyí tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí.